Bí Ẹṣin Ṣe Ń Mí Lábẹ́ Oògùn Oorun: Ìbéèrè Táwọn Ẹlẹ́ṣin Ìlọrin Ń Bi Wá Lemọ́lemọ́

Ìlú tí wọ́n ń kì pé kò léégún, ẹṣin leégún ilé baba wọn, kò lè ṣaláì ní ìbéèrè lórí ẹṣin. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé tí Dọ́bà ń bọ̀, fóònù àwa dókítà ẹranko kì í sinmi: èyí tí wọ́n fẹ́ ká tẹ̀ lọ́dàá, èyí tó fara gbọgbẹ́, èyí tí nǹkan wú sí lára. Ọ̀rọ̀ bí ẹṣin ṣe ń mí nígbà tí a bá fi oògùn kun ún lóorun fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń bi wá, òun la kó jọ síbí.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí ẹṣin mí ní ìṣẹ́jú kan?

Ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́, tí ara rẹ̀ yá, ń mí ní bíi ìgbà 8 sí 16 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo ibi tí egungun ìhà parí sí, kẹ́ ẹ máa ka bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Ọkàn rẹ̀ á máa lù ní ìgbà 28 sí 44. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ kà á. Ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yídì dé, tàbí tó ti pẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, á mí ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin kò mọ̀ ni pé ẹṣin kì í fẹnu mí. Ajá lè la ẹnu sílẹ̀ kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Imú nìkan ni ẹṣin ní. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò nígbà tá a bá dórí ọ̀rọ̀ jíjí.

Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ kun ún lóorun? Ṣebí okùn àti ọkùnrin mẹ́fà ti tó.

Okùn lè mú ẹṣin balẹ̀, kò lè mú ìrora kúrò. Ẹṣin tí ìrora ń dà láàmú lè ṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì lè ta èèyàn nípàá tí onítọ̀hún kò ní dìde mọ́.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà yín ṣáájú: ṣé a lè ṣe é ní ìnàró? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan títẹ̀ lọ́dàá, ló ṣeé fi oògùn tó ń mú ẹṣin rọ̀ láì ṣubú ṣe, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú. Bó bá ti ṣeé ṣe, èmi ìnàró ni mo máa ń yàn. Ẹṣin tó dúró, gbogbo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló fi ń mí.

Kí ló dé tí oorun oògùn fi le fún ẹṣin ju ajá tàbí èèyàn lọ?

Ìwúwo àti ikùn ni. Ẹṣin ilẹ̀ wa sábà máa ń wọn kílò 300 sí 400. Ti òyìnbó lè kọjá 500. Ìfun ńlá rẹ̀ dà bí àgbá, koríko tó ń kan, omi àti gáàsì ló kún un, ohun tó sì lè gbà lé ní líta 100. Bí ẹṣin bá wà lórí ìdúró, àgbá yìí so rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró wà lókè, kò sẹ́ni tó ń ni ẹnì kejì lára. Iṣan pẹlẹbẹ kan ló pààlà láàárín àwọn méjèèjì, òun náà ló ń fa èémí wọlé.

Ẹ wá jẹ́ kí ẹṣin náà fẹ̀yìn lélẹ̀ wàyí. Gbogbo ẹrù yẹn yí lu iṣan náà, oògùn sì ti mú kí iṣan ọ̀hún rọ. Ikùn á tì í wọ inú àyà. Apá ẹ̀dọ̀fóró tó wà nísàlẹ̀ á wó bíi báálúùn tí àgbàlagbà jókòó lé. Afẹ́fẹ́ kò wọbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò yéé kọjá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ìsàlẹ̀ ló máa jìyà, ti òkè á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí fífẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fi sàn ju fífẹ̀yìn lélẹ̀ lọ.

Oògùn fúnra rẹ̀ tún ń bù kún un. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ èémí. Ohun tó bá kun ọpọlọ lóorun kò ní ṣaláì kun olùpàṣẹ yẹn náà. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002, tó wo ẹṣin tó lé ní 41,000 tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun, rí i pé nǹkan bíi 1.9 nínú 100 ló kú láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá yọ àwọn tí inú rírun gbé wá kúrò, ó kù sí 0.9. Ti ajá kéré sí èyí jìnnà.

Ẹṣin mi máa ń sùn sílẹ̀ lálẹ́, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Kí ló yàtọ̀?

Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, ẹ ó rí i pé ìnàró ló ti ń tòògbé jù. Ìgbà díẹ̀ ló máa ń fi dùbúlẹ̀ gbalaja. Bí àyà bá há a, á yí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó dìde. Èyí tí oògùn kùn kò lè dìde.

Ẹ ní ká má fún un lóúnjẹ. Ṣé kó má baà bì ni?

Rárá o, ẹṣin kì í bì bíi tiwa. Nítorí ikùn náà ni. Bí koríko àti eèrí ọkà bá kúrò níwájú rẹ̀ fún bíi wákàtí 6 sí 12, ikùn á fúyẹ́ díẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á ráyè. Omi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa mu títí a ó fi dé. Ọmọ ẹṣin tó ṣì ń mu ọmú, ẹ má ṣe já a lẹ́nu ọmú rárá.

Kẹ́ ẹ sì so ó síbi tí kò ti ní rí nǹkan jẹ lóòótọ́. Mo ti pàdé ẹṣin tí wọ́n ní ó gbààwẹ̀, tí ewé ẹ̀pà kún àárín eyín rẹ̀. Ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ṣàánú rẹ̀ lóru. A máa ń fi omi fọ ẹnu ẹṣin kí a tó ki rọ́bà tí èémí máa gbà bọ̀ ọ́ lọ́fun, torí koríko tó bá bá rọ́bà wọlé, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Ìwọ̀n ọ́síjìn wo lẹ̀ ń wá nínú ẹ̀jẹ̀?

Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, 21 nínú 100 ni ọ́síjìn. Ìlọrin fi díẹ̀ lé ní mítà 300 lókè òkun, nítorí náà afẹ́fẹ́ ibí kò fẹ́lẹ́ bíi ti Jọ́ọ̀sì. Ẹṣin tó jí, tó dúró, máa ń ní 95 sí 100 mmHg (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpá ni mmHg) nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀. Bó bá ti já wá sí 60, ewu ti wọlé.

Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀fóró ń tì jáde, ìyẹn carbon dioxide, á wà ní nǹkan bíi 40 sí 45. Lábẹ́ oògùn ó máa ń gòkè. Bó bá ti ń súnmọ́ 60, èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹṣin náà mí. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu rọ́bà dára, àmọ́ nínú ẹṣin ó sábà máa ń ka iye tó fi bíi 10 sí 15 dín sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà láti inú iṣan tó ń lù lójú tàbí lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ló ń sọ òtítọ́ jù.

Erìgì rẹ̀ ṣì pupa dáadáa. Ṣé ìyẹn kò tó?

Kò tó. Kí erìgì tó yí sí àwọ̀ aró, ọ́síjìn á ti lọ jìnnà. Ẹṣin tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ lè má yí àwọ̀ rárá, kó sì máa kú lọ. Ohun tí erìgì lè sọ fún yín ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ: ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó funfun, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 2 ó yẹ kó ti pupa padà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n há mọ́ ahọ́n rẹ̀ ka 92. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ sí í sáré?

Ẹ wo ẹṣin kẹ́ ẹ tó wo ẹ̀rọ. Nọ́ḿbà yẹn ń sọ iye tó ru ọ́síjìn nínú 100 ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀. 90 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú 60 mmHg tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, bí ẹni tó yọ̀ lórí Òkè Sóbì ni, kò ní dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rọ yìí ń fún ahọ́n. Bó bá pẹ́ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ kì í débẹ̀ dáadáa mọ́, nọ́ḿbà á sì já lásán. Ẹ sún un síbòmíràn, ẹ fi omi rẹ ahọ́n, kẹ́ ẹ tún un wò. Bó bá ṣì jẹ́ 92, ẹ fún un ní ọ́síjìn.

Ó sì tún lè fi yín lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ. Fún ẹṣin tó ń mí ọ́síjìn gidi, 98 lè túmọ̀ sí 500 mmHg, ó sì lè túmọ̀ sí 110. Ẹ̀rọ ahọ́n kò mọ ìyàtọ̀.

Ọ́síjìn gidi lẹ̀ ń fún un, 100 nínú 100. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kò rí i gbà?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọjà Ọba. Ká ní àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń gba inú ọjà kọjá láti kó ẹrù ni ẹ̀jẹ̀. Bí ìdajì ìsọ̀ bá tì, kẹ̀kẹ́ tó gba iwájú wọn kọjá á bá òfìfo lọ. Ẹ ìbáà kó ẹrù dé àjà sínú àwọn ìsọ̀ tó ṣí, kẹ̀kẹ́ tó yà síbẹ̀ kò lè gbé ju ohun tó lè gbé lọ, kò sì lè fi tirẹ̀ dí ti ẹni tó rù òfìfo. Bí gbogbo wọn bá pàdé lójú títì, àròpọ̀ ẹrù wọn á kéré. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró tó wó nìyẹn.

Ẹ̀dọ̀fóró tó ṣí dáadáa tí wọ́n fún ní ọ́síjìn gidi á gbé ẹ̀jẹ̀ dé nǹkan bíi 500 mmHg. Ẹṣin tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ oògùn, ọ́síjìn kan náà, lè má pé 200. Òmíràn kò pé 100.

Àríyànjiyàn kan tiẹ̀ wà láàárín àwa oníṣègùn lórí èyí. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ lásán máa ń dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í jẹ́ kí àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀ pa dé. Ọ́síjìn gidi, ara á fà á tán, ihò á sì pa dé. Nítorí náà àwọn kan máa ń fi afẹ́fẹ́ lú u. Èmi rò pé níbi tí kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Ẹ̀yìnkùlé wa lẹ ti fẹ́ ṣe é. Ṣé kò léwu?

Ewu wà, àmọ́ ó ṣeé káwọ́. Xylazine, oògùn tó ń mú ẹṣin rọ̀, la máa ń kọ́kọ́ fi sí iṣan. Bí orí rẹ̀ bá ti wọlẹ̀ dáadáa, ketamine, oògùn oorun gan-an, á tẹ̀lé e, ẹṣin á dùbúlẹ̀, á sùn bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20. Fún títẹ̀ lọ́dàá, ó tó. A lè fi oògùn kún un, ṣùgbọ́n wákàtí kan ni ààlà tí mo fi fún ara mi lábẹ́ igi. Iṣẹ́ tó bá máa jù bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Yunifásítì Ìlọrin ní tirẹ̀.

Ẹ wá ilẹ̀ tó rọ̀ tó sì ní ibòji. Kó jẹ́ ní kùtù, bí ẹ bá ti kírun àsùbáá tán, kí ooru tó dé. Ẹ wá sìlíńdà ọ́síjìn kan àti rọ́bà tó gùn: ihò imú kan ni rọ́bà náà máa gbà wọlé, ọ́síjìn á sì máa ṣàn ní bíi líta 15 ní ìṣẹ́jú kan. Líta 2 tàbí 3 tí wọ́n ń fún èèyàn kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá fa èémí sínú lè tó líta 5.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa ka èémí. Kó má jẹ́ ẹni tó ń ya fídíò.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn èèyàn. Ṣé ó lè bá wa yá ẹ̀rọ?

Sìlíńdà, bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá gbà. Ẹ̀rọ oorun, rárá. Àpò tí èèyàn ń mí sínú rẹ̀ kì í ju líta 2 tàbí 3 lọ, ti ẹṣin lè tó 30. Rọ́bà ọ̀fun àgbàlagbà èèyàn fẹ̀ ní mìlímítà 7 tàbí 8. Ti ẹṣin àgbà fẹ̀ ní 24 sí 26. Bí ìgbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sáré láti Tánkẹ̀ dé Gàǹbàrí, kẹ́ ẹ máa fi sitiróò mí lọ, ni.

Ẹ má sì lọ gbé sìlíńdà àwọn tó ń jó irin wá.

Ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́. A rò pé ó ti kú!

Bí ketamine ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á fa èémí sínú, á dá a dúró, á tú u jáde, á sinmi, á tún fà bíi méjì mẹ́ta léra. Aago ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá pé ìṣẹ́jú kan gbáko tí kò mí, kí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní èémí.

Àyà tó ń gòkè kọ́ ni afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ihò imú rẹ̀ kẹ́ ẹ rí i bóyá atẹ́gùn ń jáde. Bí ọrùn bá ká, ọ̀nà lè ti dí. Ẹ na orí àti ọrùn rẹ̀. Omi tútù létí, ata nímú, gbígbá a ní ìhà: wọn kò wúlò, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀rọ tó ń bá ẹṣin mí wà. Kí ló dé tí wọn kì í lò ó fún gbogbo ẹṣin?

Ó ń gba owó orí. Nígbà tí ẹṣin bá ń mí fúnra rẹ̀, èémí náà ń fa ẹ̀jẹ̀ padà wọ àyà. Ẹ̀rọ ń ti afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá, ó sì ń tẹ àwọn iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ohun tí ọkàn ń tì jáde á dín kù. Ọ́síjìn lè kún inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Nítorí náà a kì í ya ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èémí. A fẹ́ kí ìpíndọ́gba rẹ̀ máa lé ní 70 mmHg. Bó bá wálẹ̀, omi dírípù àti oògùn dobutamine á bá a gbé e. Ẹ̀rọ náà sábà máa ń fún ẹṣin ní èémí 6 sí 10 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá máa lò ó, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Dídá ẹ̀dọ̀fóró dúró kó má wó rọrùn ju títún un ṣí lọ.

Ó jí, àmọ́ ẹsẹ̀ kan kò gbé e mọ́.

Ẹran ara tó wà lábẹ́ ìwúwo kílò 400, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ebi ọ́síjìn ló ń pa á. Bó bá pẹ́, á le gbagidi, á wú, ẹṣin á máa làágùn, ìtọ̀ rẹ̀ lè dúdú bíi kọfí. Ẹ pe dókítà kíákíá. Nígbà mìíràn, iṣan ìmọ̀lára ló ní ìṣòro: ti apá iwájú tó wà nísàlẹ̀, tàbí ti ojú tí irin ìjánu tẹ̀.

Ìdènà rẹ̀ kò wọ́n. Fóòmù tó nípọn, tàbí tíúbù táyà ọkọ̀ ńlá tí ẹ fẹ́ díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ èjìká. Ẹ fa ẹsẹ̀ iwájú tó wà nísàlẹ̀ síwájú. Ẹ bọ́ ìjánu kúrò lórí rẹ̀.

Ó ń jí bọ̀, ó ń hanrun bí àgbàlagbà. Ṣé ó dáa?

Kò dáa tó bí ẹ ṣe rò. Bí orí bá pẹ́ nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wọ́ jọ síbẹ̀, inú imú á wú. Ẹ rántí pé kì í fẹnu mí. Bí imú bá dí pátá, tí ẹṣin ń fi gbogbo agbára fa èémí tí kò wọlé, omi lè ya wọ ẹ̀dọ̀fóró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìfófòó á máa jáde nímú rẹ̀.

A kì í kánjú yọ rọ́bà. Ó di ìgbà tó bá ń gbé itọ́ mì. Nígbà mìíràn a máa ń fi rọ́bà sílẹ̀ nímú títí tó fi dìde. Phenylephrine tí a kán sí imú ń mú wíwú lọ sílẹ̀. Ọ́síjìn ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣàn, torí pé ìgbà jíjí ni ọ̀pọ̀ ẹṣin ń jábọ́.

Ẹ má na án, ẹ má pariwo. Kó fàyà lélẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ṣí. Ẹṣin tí wọ́n lé dìde kí ojú rẹ̀ tó walẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń fi ṣẹ́.

Ọyẹ́ mú, ẹṣin ń wúkọ́. Ṣé a lè ṣe é?

Bí kì í bá ṣe kíákíá, ẹ fi í sílẹ̀ títí ikọ́ á fi lọ, kẹ́ ẹ sì fún un ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ fi omi wọ́n koríko gbígbẹ, ẹ má fún un ní ewé ẹ̀pà tó ti bu.

Abo tó lóyún ńkọ́, tàbí èyí tí ìfun rẹ̀ lọ́?

Oyún ńlá àti ìfun tó kún fún gáàsì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ti àyà láti ìsàlẹ̀. Ẹṣin tó sanra jù bá wọn pín nínú rẹ̀. Aboyún lè dúró di ẹ̀yìn ìbímọ. Ìfun tó lọ́ kò lè dúró, ẹ̀yìn ló sì gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ kí a tó rí inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ikú fi pọ̀ jù láàárín wọn. Ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta fún un ní àgbo kẹ́ ẹ tó pè wá.

Ẹ ti ṣe gbogbo ẹ̀, ọ́síjìn kò gòkè. Kí ló kù?

Ohun tó ń ti ni lójú la máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé sìlíńdà kò ti tán? Ṣé rọ́bà kò ká, ṣé kò já? Lẹ́yìn náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀.

Bí ìwọ̀nyí bá dára, a lè fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró kún ju ti tẹ́lẹ̀, ká dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí àwọn ibi tó wó lè ṣí, ká sì máa fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀ nígbàkigbà tó bá mí jáde. Salbutamol tí àwọn tó ní ikọ́ fée ń fín sẹ́nu náà ń ràn án lọ́wọ́, máíkírógíráàmù 2 fún kílò kan. Fífín kan sábà jẹ́ 100, nítorí náà ẹṣin kílò 400 á gba mẹ́jọ nínú rọ́bà rẹ̀. Ó lè mú kí ọkàn sáré, iṣẹ́ dókítà ni. Ní Sweden, wọ́n ti fi gáàsì nitric oxide tín-ín-tín síbi ìbẹ̀rẹ̀ èémí, kó lè fa ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ìsọ̀ ṣì ṣí. Èmi kò lò ó rí.

Èyí tó rọrùn jù ló máa ń ṣòro láti sọ lójú ẹni tó ni ẹṣin: ẹ jẹ́ ká dáwọ́ dúró, ká yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jí. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú kórópọ̀n kan ní òde, èkejì ṣì wà nínú. Baba tó ni ẹṣin kò dá mi lóhùn títí a fi padà lọ parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ẹṣin náà ló kọ́kọ́ kí mi.